Ní ti Àwọn Tí Ó Yí Olórí Òwò Ká

Àwọn àgbà wí pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀wọ́n, ó dá wa lójú pé ẹ ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sú yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà, tàbí ní Òkókómáíkò, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń gbé, yóò mọ̀ pé òwe náà kì í ṣe àwàdà. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni ibí yìí, ṣùgbọ́n òwò ti sọ ọ́ di ilé gbogbo ènìyàn. Ọjà Àlàbá wà láàárín wa, níbi tí a ti ń ta rédíò, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹ̀rọ amúnáwá àti gbogbo ohun tí ń lo iná. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, wà ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà. Lójoojúmọ́ ni a ń rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan ní etí ọ̀nà, tí ó sì di ọ̀gá ènìyàn mẹ́wàá tàbí ogún. A sì ń rí àwọn mìíràn tí òwò wọn wó lulẹ̀ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí irú òwò bẹ́ẹ̀ bá wó, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn ọ̀tá ni ó ṣe é, tàbí pé ìjọba ni, tàbí pé dọ́là ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi sùúrù wádìí, a óò rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹnìkan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí ó ti rí ewu náà tẹ́lẹ̀, tí kò sì sọ̀rọ̀. Ohun tí àwa fẹ́ bá yín rò nìyí: irú ènìyàn wo ni ó yẹ kí olórí òwò kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, àti bí ó ti ṣe lè rí ẹni tí yóò jẹ́ olóòótọ́ sí i, tí kò sì ní fi òtítọ́ pamọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ibùdókọ̀ kan wà ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Ọ̀jọ́ tí àwọn agbèrò ń pè ní Volks. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ kò mọ ìdí orúkọ náà. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti ilẹ̀ Nàìjíríà ni a kọ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀, títí kan ọkọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá. Ayé ti yí padà fún ilé-iṣẹ́ náà láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn agbèrò.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé orúkọ náà lọ sí ilẹ̀ Jámánì, sí ìlú Wolfsburg, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ náà wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé Volkswagen fi ẹ̀tàn sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí ń lo dísù. Wọ́n ṣe ọgbọ́n kan sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tí ó fi ń mọ ìgbà tí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, èéfín rẹ̀ yóò mọ́. Bí ó bá sì ti bọ́ sí títì, èéfín olóró tí ó ń tú jáde lè tó ìlọ́po 40 iye tí òfin gbà. Ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé ọgbọ́n yìí wà nínú ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Martin Winterkorn, olórí wọn, fi ipò sílẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun hu ìwà àìtọ́ kankan. Ní ọdún 2017 ilé-iṣẹ́ náà gbà níwájú ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé òun jẹ̀bi, ìtanràn tí ó sì gbà láti san nínú ẹjọ́ náà tó bílíọ̀nù 4.3 dọ́là.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká wa lára jù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe owó. Nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí fún ilé-ẹjọ́, a kà á pé láti nǹkan bí ọdún 2006 ni àwọn kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣe kò lè bá òfin Amẹ́ríkà mu. A sì kà á pé àwọn kan sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun tí a fẹ́ ṣe yìí kò tọ́. Ọ̀gá kan tí ó wà lórí wọn ni ó ní kí iṣẹ́ máa lọ, kí wọ́n ṣáà rí i pé ọwọ́ kò tẹ̀ wọ́n. Ẹ kíyèsí i: òtítọ́ kò ṣàì sí nínú ilé náà. Ó wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ dìde rìn, ṣùgbọ́n ó dé ẹnu ọ̀nà kan, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán, Bernd Osterloh, aṣojú àwọn òṣìṣẹ́, kọ̀wé sí wọn pé ohun tí ilé-iṣẹ́ náà nílò ni kí a má ṣe fi ìṣòro pamọ́ mọ́, kí a lè máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá láìfòyà. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ti kọjá lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tí í ṣe gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa nígbà náà, yọ olórí báńkì márùn-ún nípò ní ọjọ́ kan ṣoṣo: ti Afribank, ti Finbank, ti Intercontinental, ti Oceanic àti ti Union. Ní oṣù Kẹwàá ó tún yọ ti mẹ́ta mìíràn. Owó tí Báńkì Àpapọ̀ dà sínú àwọn báńkì tí ó ń kú lọ, kí owó àwọn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ má baà ṣègbé, tó bílíọ̀nù 620 náírà. Ní oṣù Kejì ọdún 2010, Sanusi sọ àsọyé ní Yunifásítì Báyẹ́rò ní Kánò, ó sì ṣàlàyé ibi tí àrùn náà ti wọlé. Ó ní nínú àwọn báńkì kan, àwọn olórí ń tan ìgbìmọ̀ olùdarí jẹ. Nínú àwọn mìíràn, agbára olórí ti bo gbogbo ìgbìmọ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó yẹ kí ó máa bi í léèrè kò lè bi í. Ní ọdún 2010 kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ ṣe é ní òfin pé olórí báńkì kan kò gbọdọ̀ lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí àga. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè la ẹnu ẹni tí ẹ̀rù ti pa lẹ́nu mọ́.

Bí a bá wádìí, a óò rí i pé àwọn baba wa ti ronú lórí ọ̀ràn yìí kí báńkì tó wà. Ẹ gbọ́ bí a ti ń kí ọba: Kábíyèsí. Àwọn àgbà túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí a bi ọ́ léèrè, kò sí. Síbẹ̀, ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìjòyè méje wà tí a ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápìnni, Lágùnà, Akínikú àti Aṣípa. Àwọn ni ń yan Aláàfin. Àwọn ni ń gbà á nímọ̀ràn. Bí ó bá sì di òǹrorò tí ìlú kò lè fara dà mọ́, àwọn náà ni ń sọ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́. Níwájú ayé, kò sí ẹni tí ń bi ọba. Nínú ìgbìmọ̀, a ń bi í. Ọ̀wọ̀ wà ní ìta, òtítọ́ wà ní inú ilé, ọ̀kan kò sì pa èkejì lára.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fi apá kan ìtàn sílẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni Baṣọ̀run Gáà ti jáde. Ó fi agbára bíbi ọba léèrè ṣe agbára pípa ọba. Ó ju ọba kan lọ tí ó kú nítorí rẹ̀, ó sì fi àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ gàba lórí ilẹ̀, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọdún 1774. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń tako olórí ni ó fẹ́ràn òtítọ́. Ẹlòmíràn ń tako ó nítorí àga tí ó jókòó lé. Bí ìpọ́nni ti ń ba òwò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìlara tí ó wọ ẹ̀wù òtítọ́ ń bà á jẹ́. Ẹni tí olórí òwò ń wá ni ẹni tí ire òwò náà jẹ lógún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dákẹ́, tí ó sì fẹ́ràn olórí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní dójú tì í lójú ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ojú wa rí nítòsí. Ọkùnrin oníṣòwò kan wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ojúlùmọ̀ wa ni, tí ń ta ohun èlò iná. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó ń bá a ṣiṣẹ́, àwọn kan ń gba owó oṣù, àwọn kan sì ń kọ́ iṣẹ́. Gbogbo wa ni a rántí pé ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, jálá epo pẹtiróò fò sókè láti ìsàlẹ̀ 200 náírà lítà kan sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí, ọkùnrin yìí kó owó rẹ̀ jọ, ó tún yá díẹ̀ kún un, ó sì fi ra ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí ń lo epo, ó kún ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Ẹ̀rọ wọ̀nyí kò tà. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń béèrè sólà, wọ́n sì ń jáde.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí ń kọ rìsíìtì. Fún oṣù mẹ́ta gbáko kí ọ̀gá rẹ̀ tó ra ẹ̀rọ náà ni ó ti ń fa ìlà sínú ìwé pélébé kan, ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó bá béèrè ohun tí wọn kò ní. Ìlà tí ó wà lábẹ́ sólà kún ojú ìwé mẹ́rin. A bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, èéṣe tí o kò fi èyí han ọ̀gá rẹ?" Ó dá wa lóhùn pé, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ẹni tí ó wà níbí ṣáájú mi sọ irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá ní kò nígbàgbọ́ nínú òwò àwọn. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti rán an níṣẹ́ pàtàkì kankan mọ́, títí ó fi lọ. Èmi sì ní ìyá àti àbúrò tí mò ń bọ́." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ fi kún un pé ọdún tí ń bọ̀ ni òun yóò gba òmìnira, owó àti ọjà tí òun yóò sì fi bẹ̀rẹ̀ ti ara òun, ọwọ́ ọ̀gá ni ó wà. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjọ́ náà jẹ́?

Àwa kò lè dá àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́bi. Òye owó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ wọn. Nígbà tí olórí bá ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òtítọ́ ní iye tí a ń san, ènìyàn yóò ka owó ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Nígbà tí ìwé pélébé náà dé ọwọ́ ọkùnrin oníṣòwò náà níkẹyìn, ó jókòó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó wí fún wa pé, "Tíṣà, mo ní ènìyàn mẹ́sàn-án, ìwé yìí nìkan ni ó lè bá mi sọ̀rọ̀."

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn èyí ni ó mú kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ó pe ọmọbìnrin náà níwájú gbogbo wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í ṣe ẹni tí yóò máa pa ìwé ohun tí oníbàárà ń béèrè mọ́. Ó ṣèlérí fún àwọn tí ń kọ́ṣẹ́, ní ìṣojú àwọn òbí wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé, iye tí yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ òmìnira, kí ó má baà jẹ́ pé inú dídùn rẹ̀ ní ọjọ́ kan ni yóò pinnu rẹ̀. Láràárọ̀ Ajé, kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọn a jókòó, ẹni tí ó kéré jù ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun kan tí ó ní láárí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ọmọ kan ní òrùlé ilé ìkẹ́rùsí ń jò. Ọ̀gá tún un ṣe kí ó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó fi àdánù ta púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Gbèsè rẹ̀ kò tán ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà ṣí títí di òní.

Láti inú èyí a lè kó ẹ̀kọ́ díẹ̀ jọ. Èkínní, kí olórí má ṣe kó àwọn tí ó jọ ọ́ nìkan mọ́ra. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Fola Adeola àti Tayo Aderinokun jùmọ̀ dá Guaranty Trust Bank sílẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1991. Adeola ni olórí, Aderinokun sì ni igbákejì. Ní ọdún 2002, Adeola fi àga sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, Aderinokun sì gbà á. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò fún ẹlòmíràn ní àga kò ní fi àwọn òpè yí àga náà ká.

Èkejì, kí olórí kọ́ láti dákẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1967, Peter Drucker ròyìn Alfred Sloan, tí ó jẹ́ olórí General Motors ní Amẹ́ríkà, pé ní ìpàdé kan tí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sún ọ̀rọ̀ náà síwájú kí wọ́n lè lọ wá ohun tí ó lè lòdì sí i. Àwọn kan yóò rò pé ìfohùnṣọ̀kan ni ìṣòtítọ́. Sloan mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tí ì ronú.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ń ka owó àti ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò má ṣe jẹ́ ẹnìkan náà, kí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò má sì ṣe jẹ́ ẹni tí yóò bẹ̀rù láti sọ pé owó kò pé.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn tí ó wà lábẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ó ní òtítọ́ lẹ́nu, kí ó wá ìgbà tí ó wọ̀, kí ó mú ẹ̀rí dání bí ìwé pélébé nì, kí ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá sì ti gbé ìmọ̀ràn yẹ̀ wò tán, tí olórí sì ti pinnu, bí ohun náà kò bá ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ìrúfin, kí ó fi gbogbo ọkàn ṣe é, kí ó má ṣe lọ máa rojọ́ ní ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ irú ti Wolfsburg, tí a ní kí a ṣáà má jẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ wá, ìgbọràn kì í ṣe ìṣòtítọ́ mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Àwọn tí yóò jókòó yí tábìlì ká ní Àlàbá, ní báńkì, àti ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ogún ọdún sí i wà lórí bẹ́ǹṣì wa nísinsìnyí. Nígbà tí olùkọ́ bá ṣe ìṣirò sórí pátákó tí ó sì ṣì í, tí ọmọ kan ní ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè láti sọ ọ́, ohun tí olùkọ́ bá ṣe ní ìṣẹ́jú náà ni gbogbo kíláàsì yóò kọ́, wọn kò sì ní gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n ti ń gbàgbé ìṣirò. Bí a bá ká a lọ́wọ́ kò, a ti kọ́ ogójì ọmọ pé kí wọ́n máa wo ojú ọ̀gá kí wọ́n tó wo òǹkà. Bí a bá sì wí fún un pé, "O ṣeun, jáde wá tún un ṣe," a ti ń kọ́ akọ̀wé tí kò ní fi ìwé pélébé rẹ̀ pamọ́. Kí ẹ̀yin ọmọ náà sì kọ́ láti máa na ọwọ́ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ti tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé ti yín kí ẹ tó nà á.